Ọ̀rọ̀ Ìjọba Gbọ́dọ̀ Dé Etí Ọjà: Ìtàn Bí Àwọn Ìyá Wa Ṣe Jà Kí Ọ̀rọ̀ Ìlú Lè Yé Wọn

  Nínú ìwé àjọ̀dún wa, a sábà máa ń sọ iye tí a fi pamọ́, iye tí a yá ara wa, àti àwọn tó ti sìn wá kọjá. Lọ́dún yìí, a fẹ́ fi ìtàn mìíràn kún un, ìtàn tó kan gbogbo wa: báwo ni ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìyá tó lè ṣírò èrè orí àpò ìrẹsì ogún láìmú bírò lọ́wọ́, tó mọ iye tí oníbàárà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ ẹ́ lórí, bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù kan sí i níwájú, ṣe ni ara rẹ̀ á lọ wọ̀ọ̀. Á máa wo ojú ọmọdé tó jókòó sídìí tábìlì bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Èdè ni. Ìwé káńsù, òyìnbó ni. Ìwé báńkì, òyìnbó ni. Káàdì ọsibítù, òyìnbó ni. Ohun tí ìjọba ní kó jẹ́ tiwa, a máa ń pàdánù rẹ̀ nítorí pé wọn kò sọ ọ́ ní èdè tó yé wa.

IBI TÍ A Ń GBÉ

Àwa tí a ń tajà ní Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ pé èdè pọ̀ níbí. Ilẹ̀ Awórì ni, àwọn Ègùn sì ti wà ní àwọn abúlé etí omi tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni FESTAC dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú Festac kí àwọn àlejò lè ríbi sùn. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n dìbò pín àwọn ilé náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì kó wọlé láti oríṣiríṣi ẹ̀yà.

Bí wọ́n ṣe sọ àwọn òpópónà wa lórúkọ gan-an, nọ́ńbà àti òyìnbó ló pọ̀ jù: First Avenue, 21 Road, lẹ́yìn náà Close yìí, Close tọ̀hún. Ṣùgbọ́n àwa lọ́jà, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn" àti "níwájú ẹlẹ́ran" la fi ń júwe ọ̀nà. Bí ẹ bá wọ ọjà Agbojú láàárọ̀, kí ẹ tó ra tòmátì tán, ẹ ti gbọ́ Yorùbá, Ígbò, Ègùn, Háúsá àti òyìnbó alápatà. Nítorí náà, bí a bá ní kí ìjọba sọ̀rọ̀ kó yé wa, kì í ṣe Yorùbá nìkan là ń sọ. Ẹgbẹ́ wa náà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

ÀLÍMỌ́TÙ PẸLẸ́WÚRÀ ÀTI OWÓ ORÍ ỌDÚN 1940

Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ rántí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, ìyá ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí ọjà Ẹrẹ́kò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó sì darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó láti àárín ọdún 1920 sí 1929 títí ó fi kú ní ọdún 1951. Ìyá yìí kò mọ̀wé, kò sì sọ òyìnbó. Síbẹ̀, kò sí gómìnà tó lè fojú fò ó dá.

Ní ọdún 1940, àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe òfin owó orí tuntun ní Èkó. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń rí ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún yóò san owó orí. Obìnrin Èkó kò san irú rẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ òfin náà, àwọn tí wọ́n sì fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn kò lè kà á. Kí ni àwọn ìyá wa ṣe? Wọn kò jókòó kí wọ́n máa sunkún pé àwọn ò mọ̀wé. Ẹgbẹ́ wọn ti ní àwọn akọ̀wé tó mọ̀wé, tí wọ́n ń bá wọn ka ìwé ìjọba, tí wọ́n sì ń bá wọn kọ èsì. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn obìnrin sì tẹ ìka wọn sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1940, wọ́n ti ọjà pa, wọ́n sì wọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ, títí dé ọ̀dọ̀ gómìnà Bourdillon. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé iye náà sókè láti àádọ́ta pọ́n-ùn sí igba pọ́n-ùn, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ ìyá ọjà kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Àìmọ̀wé kò ní kí ènìyàn má lẹ́nu ọ̀rọ̀, bí ó bá ti ní ẹgbẹ́ tó lè bá a ka ohun tí wọ́n kọ. Nígbà ogun Hitler, nígbà tí ìjọba tún ní kí wọ́n máa ta gàrí àti oúnjẹ ní iye tí ọ̀gbẹ́ni Pullen bá dá lé e, ẹgbẹ́ kan náà ló kọ̀ jálẹ̀ pé iye tí àwọn fi rà á ju iye tí wọ́n ní kí àwọn tà á lọ. Ní ọdún 1945, ìjọba gbọ́wọ́ kúrò lórí iye ọjà.

ABẸ́ÒKÚTA: KÍ ÌYÁ MỌ̀WÉ, KÍ OLÓYÈ SỌ YORÙBÁ

Ọ̀nà kejì ni ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta. Tíṣà ni ìyá yìí, ó ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, ó sì gbọ́ òyìnbó dénú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ló ń darí. Ìgbà tí ìyá ọjà kan fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kàwé ni ojú wọn là. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àgbà fún àwọn ìyá ọjà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn obìnrin wọ̀nyí ń rí: ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, owó orí tí wọ́n ń fi agídí gbà. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, ẹgbẹ́ àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé.

Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú ìtàn ìyá yìí ni pé ó bọ́ gáùn òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wé gèlè, ó sì ń sọ Yorùbá níta gbangba, kódà níwájú àwọn aláṣẹ. Bí òyìnbó kò bá gbọ́, kó wá ògbufọ̀ tirẹ̀! Ṣé ẹ rí i? Láti ayébáyé, ìyá ọjà ló máa ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún un. Ìyá yìí gbé ẹrù náà lé ìjọba lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀, owó orí àwọn obìnrin sì dáwọ́ dúró.

ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ

Ọ̀nà kẹta ni rédíò. Ní ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Àwọn baba wa fún un lórúkọ tó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ, kì í gbọ́. Nígbà tí rédíò wá ń sọ Yorùbá, ó wúlò fún wa gidi. Títí di òní, àwọn ìyá wa ń fi Radio Lagos àti Bond FM gbọ́ ohun tí ìjọba ń ṣe, torí pé èdè wa ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ẹ rántí ọdún 1973, nígbà tí a kúrò nínú pọ́n-ùn sí náírà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. Àwọn ìyá wa gbà á, wọ́n sì fi èdè wọn bá a rìn: kọ́bọ̀ mẹ́wàá di sílè, kọ́bọ̀ márùn-ún di sísì. Ọjà yí owó tuntun sí èdè ara rẹ̀, nǹkan sì ń lọ. Ní ọdún 2007, owó bébà náírà 5, 10, 20 àti 50 tuntun jáde pẹ̀lú iye wọn ní Yorùbá, Háúsá àti Ígbò. Iyẹn dára.

Ẹ wá fi wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, báńkì àgbà ní àwọn yóò pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni òpin, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, kóòtù tó ga jù ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó títí òpin ọdún náà. Láàárín àkókò yẹn, ẹni méjì ò sọ ohun kan náà lọ́jà. Ẹni tó gba owó àtijọ́ ń bẹ̀rù, ẹni tó kọ̀ ọ́ ń pàdánù oníbàárà. Ata ń rà, ẹja ń bàjẹ́. Àìtó owó ló fà á ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àìgbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké fi ata sójú rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí a lè bi léèrè.

NÍGBÀ TÍ ÈDÈ DI Ọ̀RỌ̀ ÌYÈ ÀTI IKÚ

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ èdè kò tó nǹkan, kó rántí Ebola. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni àrùn náà bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó. Ẹ rántí bí ẹ̀rù ṣe bà wá. Kí ọ̀rọ̀ gidi tó dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa, ti èké ti dé: wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti orí fóònù ló ti ń wọlé, ní èdè tó yé oníkálukú, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn kan mu ún, ó sì pa wọ́n lára. Ìjọba ní láti jáde sọ pé irọ́ ni.

Èké sáré ju òótọ́ lọ torí pé èké gbọ́ èdè wa. Nígbà tí àwọn elétò ìlera wá ń lọ láti ilé dé ilé, tí rédíò ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Ígbò àti òyìnbó alápatà, tí àwọn ìyálọ́jà ń gbé omi àti ọṣẹ síwájú ọjà, nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ ló kú. Nígbà tí kòrónà dé ní ọdún 2020, ìkéde ní èdè ìbílẹ̀ tètè jáde ju ti Ebola lọ. Ìyẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe bí wọ́n bá fẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé òfin ti sọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un ní àkọsílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Abala 36 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ ní kóòtù láìsan kọ́bọ̀, bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Abala 55 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá láyè láti sọ Háúsá, Ígbò àti Yorùbá pẹ̀lú òyìnbó, bí ètò bá ti wà. Abala 97 fún ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà láyè bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó níbí, ní oṣù kejìlá ọdún 1999, àwọn aṣòfin wa ní òyìnbó ni àwọn yóò máa sọ, torí pé oríṣiríṣi ènìyàn ló wà l'Ékòó. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún Yorùbá. Ní ọdún 2018, gómìnà Ámbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kẹ́kẹ́ náà tún ń yí sẹ́yìn: ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan òyìnbó fúnra rẹ̀.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an, èyí tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Láti ayé òyìnbó ni ó ti wà, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní tirẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀, kí onítọ̀hún tó tẹ ìka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó bá sọ pé "Ìyá, ẹ sáà tẹ ìka síbẹ̀," tó sì kọ̀ láti kà á, ẹ má tẹ ohunkóhun fún un.

KÌ Í ṢE TIWA NÌKAN

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà bá irú ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ní ọdún 1974, àwọn ọmọ Ṣáínà kan ní San Francisco gba ìdájọ́ ní kóòtù tó ga jù. Ilé ẹ̀kọ́ ní ìwé kan náà àti tíṣà kan náà ni àwọn fún gbogbo ọmọ. Kóòtù ní iyẹn kò tó, torí pé ọmọ tí kò gbọ́ òyìnbó kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ní ọdún 2000, ààrẹ Clinton pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣètò kí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó dáadáa lè jàǹfààní iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ààrẹ Trump fagi lé àṣẹ náà, ó sì sọ òyìnbó di èdè ìjọba. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi àṣẹ ẹnìkan gbé kalẹ̀, àṣẹ ẹlòmíràn lè gbé e lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká máa ṣọ́ tiwa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

OHUN TÓ KÙ FÚN ÀWA

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé inú ẹgbẹ́ wa. Lọ́dún 2018, nígbà tí ìjọba ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà láìgba èlé, èyí tí wọ́n pè ní TraderMoni, àwọn kan nínú wa rò pé owó ìbò ni, wọn kò dá a padà. Àwọn kan rò pé wọ́n fẹ́ fi fóònù jí owó wọn ni, wọ́n sá. Ẹni tó yé nìkan ló mọ̀ pé bí òun bá dá a padà, òun lè rí jù bẹ́ẹ̀ gbà. A tún rí ìyá tó fọwọ́ sí ìwé oníduró fún ẹ̀yáwó níbì kan, tó rò pé ẹ̀rí ìwà rere lásán ni òun ń jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá fẹ́ kó firísà rẹ̀ lọ ló mọ ìtumọ̀ oníduró. Ẹgbẹ́ ló bá a dá sí i kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ọsibítù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀ fún dókítà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ wo ni ìyá lè gbé sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu? Á fi èyí tó ṣe pàtàkì pamọ́, dókítà á sì fún un ní oògùn èyí tí kò ṣe é. Ọmọ kì í ṣe ògbufọ̀ ìyá rẹ̀ níwájú dókítà. Àgbà obìnrin bíi tirẹ̀ ló yẹ kó bá a lọ.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan wọ̀nyí. Èkínní, kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ọmọ wa kan tó mọ̀wé yóò jókòó fún wákàtí kan láti ka ìwé tí ẹnikẹ́ni bá mú wá, láìgba owó, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Ígbò tàbí Ègùn. Èkejì, ìwé òfin ẹgbẹ́ wa, tó wà ní òyìnbó látọ̀dọ̀ ìjọba, a ó máa kà á ní èdè wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ̀kẹta, a ó kọ lẹ́tà sí káńsù Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin àti ti Oriade pé kí ìwé owó ọjà, ìwé ìlera àti ìkéde gbogbo máa ní èdè mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n sì máa rán ẹni tí a lè bi ní ìbéèrè wá, kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan. Ẹ̀kẹrin, bí aáwọ̀ owó tàbí ti ilé bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ọdún 1999 ni ìjọba Èkó ti dá ibùdó ìlàjà, Citizens' Mediation Centre, sílẹ̀, wọn kì í sì í gba owó. Akọ̀wé yóò bá yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí i: Pẹlẹ́wúrà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní ẹgbẹ́ tó ń bá a kàwé. Ìyá Ransome-Kútì mọ̀wé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí èdè àwọn tí kò mọ̀wé. Méjèèjì ló wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí: ẹni tó lè kà á, àti ẹni tó nílò kí a kà á fún òun. Bí àwọn méjì yìí bá jókòó pọ̀ ní ìpàdé wa, kò sí fọ́ọ̀mù tó lè sọ ìyá ọjà di ọmọdé mọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé tó ti ń dà yín láàmú nílé wá, bó ti wù kó pẹ́ tó. A ó jọ kà á.  

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀